Kí Wọ́n Tó Fa Ìlà Sórí Ilẹ̀: Ìfọ̀rọ̀lọ̀ Aráàlú àti Ibi Tí Ilé Tuntun Yóò Dúró Sí

   Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìjókòó yìí kalẹ̀ ní kí á fi èdè tí a fi ń jiyàn nílé sọ ọ́ lónìí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kó gbogbo wa jọ. Nígbà tí káńsù bá fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé tuntun lọ aráàlú, ìgbà wo ni ìbéèrè náà jẹ́ ìbéèrè lóòótọ́?

Èsì tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mú wá kò gùn. Ìbéèrè di ìbéèrè nígbà tí ó bá dé kí wọ́n tó fa ìlà sórí ilẹ̀, tí ẹni tó bèèrè sì gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba ohun tí ìdáhùn náà yí padà. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sọnù, ìkéde ni, kódà bí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù mọ́ ọn.

1. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ dàpọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà tí ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù máa ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá kò dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni kí á fi ọ̀rọ̀ tó ènìyàn létí. Èkejì ni kí á fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ni kí á gba ìyọ̀nda lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo ìgbéyàwó. Bí ìwé ìpè bá dé ọwọ́ ẹbí kan ní Ìlọrin, tí ọjọ́, gbọ̀ngàn àti àwọ̀ gèlè ti wà nínú rẹ̀, wọ́n fi tó o létí ni. Ohun tó kù fún un ni kí ó wá tàbí kí ó má wá. Ṣùgbọ́n bí bàbá ìyàwó bá pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó wáyé, tí ó ní, "Ọmọkùnrin ilé báyìí ń wá ọmọ wa, kí lẹ rí sí i?", ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Àbúrò kan lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wádìí ilé náà wò. Kò di dandan kí bàbá ìyàwó gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ kò lè ṣe bí ẹni pé wọn kò sọ ọ́. Ìyọ̀nda yàtọ̀ sí méjèèjì. Ti ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni. Bí ó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìfọ̀rọ̀lọ̀ ni òfin ilẹ̀ England ní kí káńsù ṣe lórí ilẹ̀ ilé tuntun. Kì í ṣe ìyọ̀nda. Káńsù lè gbọ́ ẹgbẹ̀rún ohùn tó kọ̀, kí ó sì tún yan ilẹ̀ náà láìrú òfin. Inú àìmọ ìyàtọ̀ yìí ni púpọ̀ nínú ìbínú tó ń sọ ní gbọ̀ngàn ìpàdé ti ń wá. Aráàlú rò pé ìyọ̀nda ni wọ́n wá gbà lẹ́nu òun. Òṣìṣẹ́ káńsù, bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, a máa ṣe bí ẹni tó wá fi ọ̀rọ̀ tó wọn létí lásán. Àárín méjèèjì ni òfin wà, ibẹ̀ gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í sábà dúró.

Ní ọdún 1969, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sherry Arnstein, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùṣètò ìlú, ó sì fi ọ̀rọ̀ yìí wé àkàbà alátẹ̀gùn mẹ́jọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ń fi aráàlú ṣe ohun tó wù wọ́n. Ní òkè pátápátá, aráàlú ló ń darí. Ìfitónilétí ni àtẹ̀gùn kẹta, ìfọ̀rọ̀lọ̀ ni ìkẹrin. Àárín àkàbà ni, Arnstein kò sì fi bò pé ẹni tó dé ibẹ̀ lè sọ̀rọ̀ títí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ran nǹkan kan. Ní ọdún 1969 yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Arthur Skeffington ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde ní Britain, tí wọ́n ní ó yẹ kí aráàlú kópa nínú ètò ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò tíì gbó.

2. Níbo ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀?

Òfin ètò ìlú ti ọdún 1947, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1948, ni ìpìlẹ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ láti kọ́lé sórí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, káńsù ló sì sábà máa ń fúnni. Òfin ọdún 2004 wá fún iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tó ń gbà lónìí. Káńsù gbọ́dọ̀ ní ìwé ètò ilẹ̀ tó ń wo nǹkan bí ọdún 15 síwájú, kí ó sì fi hàn lórí máàpù pé ibí ni ilé yóò wà, ibí ni ilé-iṣẹ́ yóò wà, ibí ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Kí wọ́n tó kọ ìwé náà rárá, káńsù a máa ké sí ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ tó rò pé ilé lè wà lórí rẹ̀ pé kí ó mú un wá. Òfin kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìpè yìí. Àmọ́ ta ló ń gbọ́ ọ? Onílẹ̀ ńlá gbọ́, agbẹjọ́rò rẹ̀ gbọ́, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé sì ti ní òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà á sí iṣẹ́ láti máa retí. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù á wá sẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí bí ẹni sẹ́ ògì. Ṣé odò kì í kún bo ibẹ̀? Ṣé ọ̀nà gbà á? Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ wà nítòsí? Ọdún mélòó ni yóò gbà kí ilẹ̀ náà tó ṣeé kọ́lé sí? Ohun tó bá kù lójú asẹ́ ló ń bọ́ sínú àbá àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹnu-ọ̀nà méjì ṣí. Ìlànà ọdún 2012 ló gbé wọn kalẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n ní nínú ìlànà náà ni àwọn olùṣètò ìlú sì fi ń pè wọ́n: 18 àti 19. Ẹnu-ọ̀nà 18 gbòòrò. Níbẹ̀, káńsù gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tó yẹ kí ó wà nínú ètò náà. Ènìyàn lè ní, "Ẹ yọ ilẹ̀ yìí kúrò, ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀," kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí àsìkò. Ẹnu-ọ̀nà 19 há. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó kéré tán tí wọ́n fi ń ṣí i, ohun tí wọ́n sì ń bèèrè kò ju bóyá ètò náà bá òfin mu, bóyá ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin: pé ó ń sapá láti pèsè ohun tí àgbègbè náà nílò, pé ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe, pé kò tako ìlànà gbogbogbòò ti orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá kọ̀wé níbẹ̀ pé, "A kò fẹ́ ilé gíga níbí," tí kò so ó mọ́ ọ̀kankan nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin yìí, wọn yóò ka ìwé rẹ̀ mọ́ iye ìwé tó dé. Kò ní gbé nǹkan kan.

Olùyẹ̀wò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù ló máa ń gba ètò náà wò lẹ́yìn náà. Ẹ̀tọ́ kan wà níbi àyẹ̀wò yìí tó yẹ kí á pariwo rẹ̀ ní gbogbo ilé ìjọsìn àti ilé ìgèrun ní Peckham, lágbègbè káńsù Southwark níbí. Òfin ọdún 2004 ní ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ̀wé ní ẹnu-ọ̀nà 19 pé kí wọ́n yí nǹkan padà, tó sì ní òun fẹ́ fẹnu ara òun sọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru lè jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé, kí olùyẹ̀wò sì yíjú sí òun náà. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá ti kọ̀wé ní àsìkò, àga náà kò sí fún un.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, àwọn káńsẹ́lọ̀ á dìbò, ètò á sì di òfin àgbègbè náà. Láti ọjọ́ yẹn, òfin ní kí gbogbo ìpinnu lórí kíkọ́lé tẹ̀lé ètò náà, àfi bí ìdí pàtàkì mìíràn bá wà. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n ń so mọ́ òpó iná lójú pópó, tó ń fún ènìyàn ní ọjọ́ 21 láti sọ tẹnu rẹ̀, ìdí odò ni ó ti ń bá ènìyàn. Orísun ti wà lókè jìnnà. Ìwé òpó iná sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú aráàlú ń kọ́kọ́ rí. Wọ́n á péjọ, wọ́n á bínú, òṣìṣẹ́ káńsù á sì fi sùúrù sọ fún wọn pé bóyá ilé yóò wà níbẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí òótọ́ náà ti dunni ni pé kò sí ẹni tó jí wọn nígbà tó ṣì jẹ́ ìbéèrè.

3. Iye tí káńsù kò lè yẹ̀

Òtítọ́ ní kí á sọ fún ara wa pé káńsù kò ní òmìnira láti ní òun kò kọ́lé. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba tún ìlànà gbogbogbòò ṣe, ó sọ iye ilé tí káńsù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá àyè fún di dandan padà, ó sì gbé àpapọ̀ rẹ̀ lọ sí nǹkan bí 370,000 lọ́dún. Ilé mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni ìjọba ṣèlérí láàárín sáà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ètò tí Méyọ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ló pín in fún káńsù kọ̀ọ̀kan: Southwark gba 23,550 fún ọdún mẹ́wàá, Lewisham gba 16,670.

Káńsù tí kò bá lè fi ilẹ̀ tó tó fún ọdún márùn-ún hàn, apá rẹ̀ á rọ: ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé lè mú ilẹ̀ tí ètò kò yàn wá, kí ó sì rí àṣẹ gbà. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi aráàlú pé, "Ṣé kí á kọ́lé?", wọn kò bi í ní ohun tó wà lọ́wọ́ wọn láti pinnu. Ibo, irú ilé wo, fún ta ni, àti kí ni yóò bá a dé: àwọn ìyẹn ni ìbéèrè tí ìdáhùn lè yí.

4. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ

Ní ọdún 1985, ọ̀rọ̀ títi ilé-ẹ̀kọ́ pa gbé káńsù Brent dé ilé ẹjọ́. Agbẹjọ́rò kan, Stephen Sedley, to òfin ìfọ̀rọ̀lọ̀ kalẹ̀ ní mẹ́rin, adájọ́ sì gbà wọ́n. Kí á bèèrè nígbà tí èrò ṣì rọ̀. Kí á sọ ìdí fún ẹni tí à ń bi, kí ó lè fi òye dáhùn. Kí á fún un ní àkókò tó tó. Kí á fi tọkàntọkàn gbé ìdáhùn rẹ̀ yẹ̀ wò kí á tó pinnu. Ìlànà Gunning ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè é dòní.

Ọdún 29 kọjá kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fọwọ́ tirẹ̀ sí i, nínú ẹjọ́ Moseley àti káńsù Haringey ní ọdún 2014. Ìjọba àpapọ̀ ti gé owó tí wọ́n fi ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́ lórí owó-orí káńsù. Káńsù náà kọ̀wé sí aráàlú, ó bi wọ́n léèrè bí wọn yóò ṣe pín ẹrù náà, ṣùgbọ́n ìwé náà jẹ́ kí ó dà bíi pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹrù wá sórí àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n lè fi kún owó-orí náà, wọ́n lè mú nínú owó ìpamọ́. Káńsù ti rò ó, ó ti kọ̀ ọ́, kò sì sọ. Àwọn adájọ́ ní ìfọ̀rọ̀lọ̀ náà kò bá òfin mu.

Ẹjọ́ owó-orí ni, àmọ́ ẹ gbé e sórí ilẹ̀ wò. Máàpù tó fi kìkì ilẹ̀ tí káńsù yàn hàn kò sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì kejì wà nínú àkójọ ilẹ̀ tí wọ́n gbé yẹ̀ wò tí wọ́n sì kọ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò rí àkójọ yẹn kò lè béèrè pé kí ló dé tí pápá ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan yè bọ́ tí ọjà àwọn ayálégbé kò yè. Ẹ máa bèèrè àkójọ náà. Ó sábà máa ń wà. Inú àfikún ni wọ́n ń fi í sí, lẹ́yìn ojú-ìwé tó pọ̀.

Àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́ ohùn Yorùbá lórí ilẹ̀ rí. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Wọ́n ní Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, kò ni ilẹ̀ náà. Àkóso lásán ló ní, iye àkóso lásán sì ni àwọn yóò san. Ní 1920, Herbert Macaulay bá a dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba sì dá a láre ní 1921: àwùjọ ló ni ilẹ̀, iye ilẹ̀ gan-an ni kí wọ́n san. Ẹjọ́ owó gbà-má-bìínú ni wọ́n jẹ. Bí ilẹ̀ náà ṣe bọ́, ó ti bọ́. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá àkókò tí wọn kò bi wọ́n padà, ìyẹn gan-an ni ìdí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ àsìkò.

5. Heygate àti Aylesbury

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Southwark kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe Heygate, àdúgbò ilé káńsù, fún yín. Wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní ọdún 1974, ilé tó lé ní 1,000. Káńsù bá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Lendlease tọwọ́ bọ̀wé ní 2010, wọ́n sì wó o láàárín 2011 sí 2014. Ilé tó lé ní 2,000 ló wà nínú ètò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013 láti fi rọ́pò rẹ̀. Nínú rẹ̀, èyí tí owó ilé rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ti àwọn ayálégbé káńsù kò tó 100. Àwọn tó ti ra ilé tiwọn níbẹ̀ gba owó tí kò lè ra yàrá méjì ní àdúgbò kan náà, ọ̀pọ̀ wọn sì fọ́n lọ sí etí ìlú àti ẹ̀yìn Lọ́ńdọ̀nù. Ìpàdé wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ìwé wà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ibi tí ènìyàn lè nawọ́ sí kí ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí a sọ ló mú kí wọ́n yí ibí yìí padà."

Aylesbury wà nítòsí rẹ̀, ilé bíi 2,700, tí wọ́n kọ́ láti 1963 dé 1977. Ibẹ̀ ni Tony Blair lọ sọ̀rọ̀ ní 1997 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba. Ní ọdún 2001, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ dìbò bóyá kí ilé wọn kúrò lọ́wọ́ káńsù bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé. Ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò kọ̀ ọ́. Káńsù gbà, ilé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2005, káńsù pinnu pé wíwó ni òun yóò wó o, pé owó àtúnṣe ti pọ̀ jù. Ó yẹ kí á gbọ́ tẹnu káńsù: ilé náà ti ń jò, ẹ̀rọ ìgbóná rẹ̀ ń kú, owó kò sì dé láti òkè. Síbẹ̀, ìbéèrè ti yí padà, wọn kò sì tún pe ìbò. Ní 2016, mínísítà tó wà nípò kọ̀ láti jẹ́ kí káńsù fi ipá ra ilé àwọn tó kù, ó ní ó tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú. Lẹ́yìn ìgbà tí káńsù pè é lẹ́jọ́ àti àyẹ̀wò tuntun, àṣẹ náà jáde ní 2018.

Ọdún 2018 yẹn kan náà ni Méyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní káńsù tó bá fẹ́ gba owó òun láti wó ilé àwọn ayálégbé, kí ó sì kọ́ ilé 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ dìbò. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìṣáájú. Ohun tí Méyọ̀ ṣe ni pé ó gbé irú ọ̀rọ̀ kan kúrò lábẹ́ ìfọ̀rọ̀lọ̀, ó gbé e sábẹ́ ìyọ̀nda. Ìlọsíwájú gidi ni. Àmọ́ ibi tí ènìyàn ń sùn nìkan ló kàn. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, ibi tó ti ń tajà, ibi tó ti ń gbàdúrà, kò sí ìbò níbẹ̀.

6. Ilé ìkẹ́rùsí tó di ilé àdúrà

Ọ̀rọ̀ wá dé Old Kent Road, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó fún àwọn ọmọ Yorùbá ju ibikíbi lọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Roehampton ka ìjọ tuntun tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark. Wọ́n rí 240 nínú káńsù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rìn gba Old Kent Road láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò rí ohun tí nọ́ńbà kò lè sọ: ìyá oníbùbá funfun tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, ọmọdé nínú kóòtù, ìró ìlù láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń tú pálí ọjà gbà láàárín ọ̀sẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ni ọ̀pọ̀ wọn ń yá, nítorí pé ó gbòòrò, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ariwo kò sì di aládùúgbò lọ́wọ́.

Ilẹ̀ yẹn ni káńsù ń wò. Láti ọdún 2016 ni Southwark ti gbé àbá ètò àkànṣe kan jáde fún Old Kent Road, ilé bíi 20,000 ni wọ́n sì ń retí níbẹ̀, pẹ̀lú ìrètí pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti Bakerloo yóò gùn débẹ̀ lọ sí Lewisham. Ilé ìkẹ́rùsí àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà.

Ó dára kí á rí bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ìjọ kan nínú irú ibẹ̀. Ayálégbé ni ìjọ. Onílé ló ni ilẹ̀. Bí káńsù bá ké pé ẹni tó ní ilẹ̀ kó mú un wá, onílé lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láìsọ fún pásítọ̀, òfin kò sì ní kó sọ. Bí lẹ́tà ìfọ̀rọ̀lọ̀ bá dé ilé náà, ó lè jẹ́ "Ẹni tó ń gbé ibí" ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì bọ́ sí ilẹ̀ láàárín ìwé ìpolówó pizza ní ọjọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìjọsìn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó ń mú àwọn pásítọ̀ dákẹ́. Láti sọ ilé ìkẹ́rùsí di ilé àdúrà, ó yẹ kí ènìyàn gba àṣẹ àyípadà ìlò lọ́wọ́ káńsù, kì í sì í ṣe gbogbo ìjọ ló gbà á. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé kì í fẹ́ kí ojú káńsù kan òun. Nígbà náà ni ìfọ̀rọ̀lọ̀ á kọjá lórí igba ènìyàn tó ń jọ́sìn níbẹ̀, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú àbọ̀ pé kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Kò dára bẹ́ẹ̀. Káńsù tó mọ̀ pé ìjọ 240 wà lágbègbè òun kò lè ní òun ti bèèrè nígbà tí lẹ́tà lásán ló fi bèèrè. Òfin ní kí káńsù kọ ìwé tó sọ bí yóò ṣe máa fi ọ̀rọ̀ lọ aráàlú, inú ìwé yẹn ló sì yẹ kí ó wà pé ẹnìkan yóò lọ bá wọn ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, pé wọn yóò ṣe àlàyé ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn pásítọ̀ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìjọ tó lè kó ènìyàn 300 jọ fún ìṣọ́-òru lè kó ìwé 300 jọ ní ẹnu-ọ̀nà 18. Ìwé tó sọ pé, "Ibí ni a ti ń bọ́ àgbàlagbà 40 ní gbogbo ọjọ́bọ̀, ibí ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìṣirò," ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí sì ni olùṣètò ìlú lè gbé dúró níwájú olùyẹ̀wò.

7. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ètò

Àwọn kan yóò béèrè pé, tí èèyàn bá sọ ohun tó ń fẹ́ ní àsìkò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ètò, kí ló kù tí yóò dí ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé lọ́wọ́ láti yẹ̀ ẹ́? Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ wo Aylesham, ilé ọjà tó wà ní ẹnu Rye Lane ní Peckham. Ètò ilẹ̀ Southwark, tí káńsù fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 2022, ti yan ibẹ̀ fún ilé. Ètò yẹn kan náà ló ní, nínú irú iṣẹ́ ìkọ́lé bẹ́ẹ̀, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tí apá mẹ̀kúnnù lè ká, kí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilé náà sì jẹ́ ti owó ilé káńsù. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Berkeley kọ́kọ́ mú ìdá 35 wá. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọwọ́n owó kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ìdá 12.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìjiyàn náà. Àwọn ará Peckham tó dìde kò lè ní kí wọ́n má kọ́lé níbẹ̀. Ìyẹn ti bọ́ ní 2022. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdá 35 tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nọ́ńbà náà wà nínú ìwé ètò. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé náà, àwọn ènìyàn kan jókòó sí gbọ̀ngàn òtútù, wọ́n ka ojú-ìwé tó sú ni, wọ́n sì kọ̀wé sí káńsù àti olùyẹ̀wò. Níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ìdá 35 yẹn ni wọ́n lè tọ́ka sí. Ibì kan ló kù díẹ̀ káàtó fún wa níbí: ó dà bíi pé nínú irú ìwé tí aráàlú ń kọ sí káńsù bẹ́ẹ̀, orúkọ Yorùbá kò pọ̀ bí àwọn Yorùbá tó wà lójú pópó ṣe pọ̀.

Òfin ní kí káńsù yẹ ètò rẹ̀ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún márùn-ún. Fún Southwark, ọdún márùn-ún láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i pé ní oṣù Kejì ọdún 2027. Káńsù kọ̀ọ̀kan ní àkójọ orúkọ àwọn tí yóò kọ̀wé sí bí ìfọ̀rọ̀lọ̀ tuntun bá ṣí. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ rẹ̀ sí i, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ ayálégbé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí wà lórí tábìlì lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Máàpù àgbègbè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi ìlà pupa yí ilẹ̀ tí ètò 2022 yàn ká. Bírò wà níbẹ̀. Kí olúkúlùkù wá òpópónà tirẹ̀ lórí máàpù náà kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.